Nígbà tí Ajá Alàájì Ń Wúkọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ mọ̀: èmi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ajá. Lomé níbí ni wọ́n bí mi sí. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni àwọn òbí mi ti wá ṣòwò, Mùsùlùmí sì ni wá láti ìran. Nínú ilé tí mo dàgbà sí, ajá kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Tó bá fi ẹnu kan aṣọ rẹ, ìyá mi á ní kó o bọ́ ọ, kó o fọ̀ ọ́ kó o tó kírun, kódà kó jẹ́ aṣọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ọmọ wa ọkùnrin fa ọmọ ajá kan wọ ilé wa ní Agoè, tó ní kó máa bá wa ṣọ́ ilé nítorí olè, mo pariwo títí àwọn aládùúgbò fi yọjú. Mo ní, "Èwo ni ti ajá? Ṣé géètì tí a ṣe yẹn ò tó ni?" Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, màámi." Kò pẹ́ sígbà yẹn ló kó lọ sí Sanguéra níbi tó kọ́ ilé tiẹ̀ sí, ó sì fi ajá sílẹ̀ fún wa. Ẹ ò rí ọmọ yẹn bí!

Mo bá ṣòfin. Ajá ò gbọdọ̀ wọ yàrá. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ búùtà tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Ọjà rọ́bà ni mo ń tà, báfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ oríṣiríṣi, torí náà mo mú abọ́ pupa kan fún un nínú ọjà mi, mo ní ẹni tó bá bu nǹkan míì sínú ẹ̀, èmi àtẹni náà ni. Ọkọ mi, Alàájì, lọ bi alfa wa léèrè. Alfa ní ajá tí ń ṣọ́ ilé kò sí wàhálà níbẹ̀, ká ṣáà máa fọ ohun tó bá fẹnu kàn. Mo ní ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń pòṣé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlu Alàájì. Ọlọ́run yọ wá, kò mú un lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n rẹ̀ sì wúwo. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá dé ọjà, á fi Yorùbá bú ọ, á fi Mìnà bẹ̀ ọ́, á fi Faransé pa ọ́ lẹ́rìn-ín, òun ló wá di ẹni tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi omi sẹ́nu. Ojú sì ń tì í. Tí àlejò bá wọlé, á dijú bí ẹni tó ń sùn. Dókítà ní ọsibítù ní kó máa rìn lójoojúmọ́, kó sì máa sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, pé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ náà á gan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo fi oúnjẹ tàn án, kò dìde lórí àga. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin tó ń gbé ní Nukafu wá sunkún lé e lórí, kò dìde.

Ajá ló gbé e dìde. Ọjọ́ kan tí mo ti lọ sọ́jà, ajá fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ń sunkún níwájú Alàájì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Alàájì fara dà á títí, nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó fọwọ́ ti àga, ó dìde, ó lọ ṣí géètì. Àwọn méjèèjì bá jáde. Láti ọjọ́ náà, kò sí àárọ̀ tí wọn ò jáde. Tí ẹ bá rí wọn! Ajá tí ń sáré bí ìjì tẹ́lẹ̀, á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á dúró, á wẹ̀yìn wò, á dúró dè é. Wọ́n á kọjá lọ́dọ̀ obìnrin aránṣọ, wọ́n á kọjá lọ́dọ̀ káfíńtà, wọ́n á dé iwájú ilé àwọn tí ń sin ajá tà, Alàájì á fara ti ògiri wọn síbẹ̀, á sinmi díẹ̀, wọ́n á padà wálé. Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju orí ẹja sínú abọ́ pupa yẹn, mi ò sọ fẹ́nì kan.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Kò bá èèyàn kankan sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Tí wọ́n bá kí i, á mi orí. Ajá nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀: "Wá. Dúró. Ó tó." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ń di ẹrù ọjà, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìnkùlé: kọ́, kọ́, kọ́, háàkì! Mo sáré débẹ̀. Ajá na ọrùn gọọrọ, ó la ẹnu, ó ń wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, ìfófòó funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Yéè! Egungun ẹja! Orí ẹja tí mo fún un lálẹ́ àná ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń ṣe sí egungun tó há. Òkèlè ẹ̀bà ńlá ni, kó má jẹ ẹ́ lẹ́nu rárá, kó gbé e mì gbìì, egungun á bá a lọ. Bí ìyá mi ṣe ṣe é fún mi nìyẹn, bí mo ṣe ṣe é fún àwọn ọmọ mi nìyẹn, kò sì sí èyí tó kú nínú wa. Mo bá tẹ ẹ̀bà wéré, mo fi epo pa á lára kó lè yọ̀ wọlé, mo ya ẹnu ajá. Èmi tí mi ò jẹ́ kó fimú kan ìró mi! Mo ti òkèlè wọlé. Ó wú u jáde, ó bà mí láyà pàá. Mo tún un ṣe. Ó tún wú u jáde. Mo ní, "Gbé e mì jàre, oníranù, mò ń gbà ọ́ là ni!"

Alàájì ti fẹsẹ̀ wọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ń wò wá. Ó na ọwọ́ òsì sí mi. Ó ní, "Ìwọ. Ẹja... ẹ." Ó yíjú padà. Ọ̀rọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju egungun lọ. Ikun ń ṣàn ní imú ajá, ó nípọn, ojú rẹ̀ ń ṣomi, ara rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mo gbé orí ẹja síwájú rẹ̀, kò tiẹ̀ wò ó. Ó kàn nà sílẹ̀ gbalaja, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo pe àbígbẹ̀yìn mi lórí fóònù. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bà ló figbe ta: "Màámi! Ẹ dákun, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu mọ́! Ẹ gbé e wá, dókítà ẹran wà lọ́dọ̀ wa níbí."

Ẹ gbé e wá, ó rọrùn láti sọ lẹ́nu. Taksí àkọ́kọ́ rí ajá, ó tẹná mọ́ mọ́tò. Awakọ̀ kejì ní, "Mama, ajá? Non, non, non." Mo fi èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo gbọ́ sọ ohun tí mo rò nípa rẹ̀ fún un. Ìkẹta gbà, ó ní ká ṣáà tẹ́ nǹkan sórí àga. Mo tú ìró òkè tí mo ró, mo tẹ́ ẹ. Alàájì ní dandan òun máa bá wa lọ. Ajá gbé orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dáa, ikun ń kán sórí jalabíà funfun tí ó fi ń kírun. Mo wò ó, mo ní kí awakọ̀ máa sáré.

Àbígbẹ̀yìn mi ti ń dúró dè wá níwájú ilé dókítà. Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré lọ́jọ́ orí, ó sì mọ èèyàn kí. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó tan iná wo ọ̀fun ajá, ó ní kò sí egungun kankan níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ sí ìhà rẹ̀, ó tẹ́tí, ó pẹ́ lápá kan ju ìkejì lọ. Ó bi mí pé kí ni mo ti fún un. Mo sọ. Ó gbá orí mú. "Haa, mama! Ẹ̀bà?" Ó ní ajá tí ń wúkọ́ báyìí, tí èémí rẹ̀ ò délẹ̀, tí èèyàn bá ti oúnjẹ mọ́ ọn lọ́fun, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa á. Mo dákẹ́. Kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ó ní, "La grippe ló jọ." Mo ní, "Grípù? Ajá ń ṣe grípù ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ajá ní tiwọn. Ibà á mú wọn, wọ́n á máa wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun, ikun á máa dà, oúnjẹ ò ní wù wọ́n, ara wọn á rọ jọwọrọ. Ó ní ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, àmọ́ ikọ́ ló máa ń kẹ́yìn. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni pé ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ibẹ̀ wú, kí mímí wá di iṣẹ́. Ó ní ohun tí òun gbọ́ lápá kan ìhà ajá wa yìí ò dùn mọ́ òun nínú. Ó fún un lábẹ́rẹ́, ó fún wa lóògùn. Ó ní kó máa sinmi, kó má rìn jìnnà, ká má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, kó má sì dé ọ̀dọ̀ ajá míì, torí ikọ́ àti imú ni wọ́n fi ń kó o ran ara wọn. Ó ní ká máa fọ abọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, ká máa fọwọ́, ká máa pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ohun tí ìyá mi ń pariwo láti kékeré nítorí ìrun, dókítà náà ń pariwo ẹ̀ nítorí grípù.

Ó wá béèrè pé, "Ṣé ó pàdé ajá míì láìpẹ́ yìí?" Mo ní rárá o, ajá wa kì í rìn gbéregbère. Mo bojú wo Alàájì, mo rí i pé ó ti sorí kọ́. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn tí ń sin ajá tà yẹn ti kó ajá tuntun dé. Láràárọ̀ tí òun bá dúró sinmi, ajá tiwa á ki imú bọ abẹ́ géètì wọn, àwọn tinú ilé náà á fi imú kan tiẹ̀. Òun tiẹ̀ ti gbọ́ tí ọ̀kan ń wúkọ́ ńbẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹni tó bá ní ọgbọ́n á dákẹ́. Mo fò dìde lórí àga: "Ẹ gbọ́ o! Ẹja mi kọ́! Ẹja mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀!" Ọmọ mi já mi léèékánná létí ìbàdí. Alàájì ò wò mí. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ajá lórí.

A dé ilé, mo palẹ̀ ọjà mi mọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn tí atẹ́gùn wà, mo tẹ́ àpò fún ajá. Mo ń bu omi ẹja tí kò láta, tó lọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń fi síwájú rẹ̀ kó lá a fúnra rẹ̀. Mo fọ abọ́ pupa yẹn títí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ajá náà sàn. Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé ó máa sàn, ìyọnu mi gan-an ò sì sí lórí ajá mọ́.

Alàájì ò rìn mọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó jókòó sórí àga yẹn, ó kọ̀. Mo ní, "Alàájì, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká rìn dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, èmi á bá yín lọ." Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi... ló kó o... ràn án." Mo ní ìyẹn ti kọjá. Ó tún sọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún sọ ọ́. Inú bí mi, mo ní, "A ní ká jẹ èkuru kó tán, ẹ tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo! Ṣé ẹ fẹ́ gan síbẹ̀ ni?" Ó ní, "Kí ajá kú... kí n máa... rìn?"

Ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Tó bá fẹ́ dé ilé ìwẹ̀, mo tún ń gbé e ní apá bíi tìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé, orúnkún rẹ̀ kò sì fẹ́ ká mọ́. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì mi lọ́jà, mo sunkún, oníbàárà ń kí mi, mo ń fi ìborí nu ojú, mo ń sọ iye fún un. Bí a bá ń sunkún, à á ṣáà máa ríran. Tí mo bá kírun tán, mo máa ń ní, "Olúwa, tí ó bá jẹ́ ohun tí kò yẹ ni mò ń tọrọ, foríjì mí, ṣùgbọ́n wo ajá yìí sàn fún mi, torí òun ni ẹsẹ̀ ọkọ mi." Mi ò rò pé èèyàn kan ti gbàdúrà irú ẹ̀ rí nínú ìdílé wa.

Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, mo bá ajá lórí ìdúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó dúró. Imú rẹ̀ ti gbẹ. Mímí rẹ̀ ti rọlẹ̀. Ó lá omi ẹja tán, ó lá ìdí abọ́, ó wò mí bí ẹni pé ṣé kò kù ni. Mo pariwo "Alhamdulillahi!" Mo sáré lọ sọ fún Alàájì, ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ikọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní lórí fóònù pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ń mọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ikọ́ kò tíì tán, kó má tíì jáde.

Alàájì wo ọ̀nà géètì. Ó wá ní, "Àwọn... tó kù ńkọ́?" Mo ní, "Àwọn tó kù wo?" Ó ní, "Ajá. Ojú ọ̀nà." Mo ní kí ló kàn wá nínú ajá alájá, kálukú kó mójú tó tiẹ̀. Mo gbé ẹrù mi, mo lọ sọ́jà.

Ọjà kò tà lọ́jọ́ kejì, mo tètè ṣẹ́rí wálé. Mo wọlé, àga ṣófo. Ọ̀pá ìtilẹ̀ tí ọsibítù fún un ò sí níbẹ̀. Géètì ṣí díẹ̀. Mo wo yàrá ẹ̀yìn, ajá ń sùn ní tiẹ̀. Háà! Ẹrù bọ́ lórí mi, mi ò rántí gèlè, mo bọ́ síta. Ojú ọ̀nà ńlá ni mo kọ́kọ́ wò, níbi tí àwọn ọkọ̀ ẹrù ti ń sáré, mi ò rí i. Mo bi aránṣọ léèrè. Ó ní, "Bàbá? Ó kọjá níbí. Ó dúró bá mi sọ̀rọ̀."

"Ó bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Ó ní kí n so ajá mi mọ́lé, pé ikọ́ ajá wà níta."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ọ̀rọ̀ kan náà. Káfíńtà ní, "Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, màmá, mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ."

Ibi tí mo ti rí i ni iwájú ilé àwọn tí ń sin ajá tà. Ó fi ọwọ́ òsì ti ọ̀pá, ó fi èjìká ti ògiri. Baálé ilé dúró síwájú rẹ̀, ó káwọ́ lé àyà. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọmọlanke kan tí wọ́n gbé síbẹ̀, mo ń tẹ́tí. Mìnà ni Alàájì ń sọ. Ó ń wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, òógùn bò ó. Ajá òun ń ṣàìsàn. Grípù ni. Kí wọ́n ya àwọn tí ń wúkọ́ sọ́tọ̀. Kí wọ́n má tíì tà wọ́n. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ títí, ó ní, "Baba, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ."

Mo ti yọ ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ọmọlanke, mo ti la ẹnu. Láti ọjọ́ tí àìsàn ti dé, èmi ni ẹnu ọkọ mi. Tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, èmi ni mò ń parí ẹ̀, ní ilé, lọ́dọ̀ dókítà, níwájú ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ohùn mi tó jáde, mo rí i tó fa áńkáṣífì yọ, tó nu ẹnu, tó tún ẹsẹ̀ tò. Ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kò sáré, kò sì fo nǹkan kan. Nígbà tó dé ìdajì, ọkùnrin náà tú ọwọ́ kúrò láyà. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún un." Ó sọ ọ́ fún un. Obìnrin náà fi Mìnà dúpẹ́, ó ní, "Akpé, baba," ó gbé àpótí wá fún un kó jókòó. Alàájì mi orí. Ó ní ilé ṣì kù tí òun máa dé.

Mi ò jẹ́ kó rí mi. Mo gba ẹ̀yìn ilé padà, omijé ń bọ́, ẹ̀rín ń bọ́. Mo gbé ìrẹsì kaná. Nígbà tó wọlé, òógùn ti mú aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ń dán. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ kú àbọ̀, Alàájì. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

Ó jókòó, ó gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó sọ ọ́ títí ìrẹsì fi tutù. Mi ò bá a parí gbólóhùn kankan.